Àlejò Ọba: Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Owó Àwọn Tí Ń Wá Wò Wọ́n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń san án. Láti ìgbà tí owó epo rọ̀bì kò ti dúró sójú kan mọ́ ní ilẹ̀ wa, kò sí ìjọba kan, ìbáà ṣe ti àpapọ̀ ìbáà ṣe ti ìpínlẹ̀, tí kì í pariwo pé ìrìnàjò afẹ́ ni yóò gbà wá. Wọ́n ní bí àlejò bá ti ń wọlé ni owó yóò máa wọlé, tí àwọn ọ̀dọ́ yóò ríṣẹ́, tí ìdàgbàsókè tí yóò kan ọmọ àti ọmọ-ọmọ yóò sì dé. Bí ènìyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, yóò rò pé ohun titun gbáà ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ti ń gba àlejò kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan orúkọ tí ń jẹ́ Nàìjíríà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá síhìn-ín: nígbà tí àlejò bá dé, tí ó wòran tán, tí ó padà sí ilé rẹ̀, ọwọ́ ta ni owó rẹ̀ ń kù sí?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀yọ́-Ilé. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826 ni Hugh Clapperton, òyìnbó ará Skọ́tíláǹdì, wọ ìlú náà, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní Kàtúńgà. Alááfin Májòtú ni ó wà lórí ìtẹ́. Clapperton kọ ohun tí ó rí sínú ìwé. Ó rí odi amọ̀ tí ó fojú díwọ̀n pé yóò tó máìlì 15 ní àyíká, tí ó ní ẹnubodè 10, tí wọ́n sì gbẹ́ yàrà yí i ká. Ó ka ọjà 7 tí ń kún ní ìrọ̀lẹ́. Ó rí òpó ilé àti ilẹ̀kùn tí àwọn agbẹ́gilére ti ṣe ọnà sí: òjòlá tí ó gbé ẹran há ẹnu, àti jagunjagun lórí ẹṣin tí ń fa ẹrú lọ. Kì í ṣe afẹ́ ni ó bá wá. Odò Ọya ni ó ń wá, iṣẹ́ ìjọba rẹ̀ ni ó sì ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ọba kò tètè yọ̀ǹda rẹ̀. Ó di oṣù kẹta kí ó tó fi ìlú náà sílẹ̀.

Nínú oṣù kejì, ọba ní kí àwọn eléré wá dá àlejò òun lára yá. Egúngún alárìnjó ni wọ́n. Àwọn kan kó sínú àpò, wọ́n ń fò, wọ́n ń tàkìtì. Òjòlá ńlá kan jáde láti inú àpò, ó ń wọ́ nílẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ẹnì kan bọ́ síta tí ara rẹ̀ funfun, tí ó rù, tí ó dà bí ẹni tí òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn tìkọ̀tìkọ̀ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Òyìnbó ni wọ́n ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú òyìnbó! Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo ojú àlejò bóyá eré náà dùn mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Àwa tí a ń kọ́ nípa èdè àti eré nílé ẹ̀kọ́ a máa ka ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí orísun eré ìtàgé wa. Èmi ń kà á bí ìwé ìṣirò owó pẹ̀lú.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibi tí Clapperton ti san owó ìwòran. Ẹ̀bùn ni ó kó wá fún ọba, ọba sì ni ó ń bọ́ àwọn eléré, àwọn agbẹ́gilére, àwọn onílù àti àwọn ahunṣọ. Ohun tí àlejò bá mú wá gba ẹnu ọ̀nà ààfin wọlé, ó sì gba ibẹ̀ jáde sí agbo-ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà. Ààfin ni àpò ìlú. Kí a má tan ara wa jẹ, ẹrú àti ìṣákọ́lẹ̀ wà nínú ohun tí ó kún àpò náà. Àwọn òpó tí Clapperton rí ti sọ èyí láìfi ohunkóhun pamọ́. N kò sọ pé kí a padà sí irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ọ̀nà kan wà tí ohun tí àlejò mú wá ń gbà dé ọwọ́ ẹni tí ó gbẹ́ òpó, gbogbo ìlú sì mọ ọ̀nà náà.

Nígbà tí Richard Lander, tí ó ti jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ Clapperton, padà wá pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀ ní 1830, odi ìlú ti ń wó, kò sì sí ẹni tí ń tún un ṣe. Ogun Ìlọrin kò jẹ́ kí ìlú gbádùn mọ́. Kí ó tó di 1840, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro. Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ titun dó ní Àgọ́ Ọ̀jà, ó sì gbé oyè, ìlànà ààfin àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn sá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ wá láti ara Ògúnlọlá, ọdẹ ìdí igi Àjàgbọn, tí ó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ lọ fún Alááfin. Ogun ni ó sọ Ògbómọ̀ṣọ́ di ńlá. Àlejò tí kò padà sílé mọ́ ni ó kọ́kọ́ gbà.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ wa, ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà kọjá, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Ó yà fún Ọ̀yọ́, ó yà fún Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí Ọ̀yọ́ rí gbà dípò rẹ̀ ni ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1906, ọ̀kan nínú ọ̀nà àkọ́kọ́ tí mọ́tò rìn ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọ̀nà yìí ni àwọn ajẹ́lẹ̀, àwọn míṣọ́nárì àti àwọn oníṣòwò gbà wá. Bí wọ́n bá ń padà lọ, wọn a mú igbá fínfín àti tìmùtìmù aláwọ lọ sí ìlú wọn láti fi ṣe ìrántí.

Ìyípadà ńlá ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pariwo. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tí ń ra igbá fínfín mọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe: yóò fi bo oúnjẹ ọba, yóò gbé e fún ìyàwó, tàbí yóò fi sí ojúbọ. Ẹni tí ń ra làbà mọ̀ pé ti Ṣàngó ni, ó sì mọ ẹni tí ó yẹ kí ó gbé e kọ́ èjìká. Àlejò ọlọ́kọ̀ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹwà rẹ̀ ni ó rí. N kò bá a wí. Ẹwà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí abọ́ tánganran sì wọlé tí ó lé igbá kúrò nílé ìdáná, àlejò yìí kan náà ni kò jẹ́ kí ọ̀bẹ àwọn tí ń fín igbá dípẹtà. Kí ẹni tí ó bá ń sọ pé ìrìnàjò afẹ́ máa ń ba àṣà jẹ́ rántí ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà wá ni owó kò ti gba ẹnu ọ̀nà ààfin mọ́, a kò sì tíì la ọ̀nà mìíràn tí ó dára fún un.

Mo lọ sí Ọ̀yọ́ nígbà ìsinmi wa kan. Ẹ̀bá ọjà Àkẹ̀sán ni mo ti bá bàbá kan tí ó jókòó lórí ẹní, ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, èèpá igbá yí i ká. Ọjà yìí ni iná jó ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì tún kọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ kú ọnà o, Bàbá.”

Ó ní, “O ò, ọmọ mi. Ṣé wàá rà?”

Mo ní n óò rà, mo sì bi í bóyá àwọn àlejò ni ó ń rà á jù lọ́wọ́ wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àwọn ará Èkó ni. Wọn a wá kó o ní ogún, wọn a kó o ní ọgbọ̀n. Wọn kì í bèèrè orúkọ mi. Ibi tí wọ́n ń tà á sí, èmi ò débẹ̀ rí.”

“Àwọn tí ń wá sí ọdún Ṣàngó ńkọ́, Bàbá?”

“Wọ́n ń wá. Mo máa ń rí bọ́ọ̀sì wọn. Bọ́ọ̀sì náà kì í dúró.”

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni ó mú mi lọ ka ohun tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kọ. Wọ́n ní owó àlejò a máa jò bí omi inú agbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a fi àlejò kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ti òkè òkun wá sí ọdún Ṣàngó. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ òkèèrè ni ó kọ́kọ́ gba ti rẹ̀, ẹni tí ó sì ṣètò ìrìnàjò náà, Èkó ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ìbàdàn ni àlejò sùn, nítorí wọ́n ní ibẹ̀ ni hòtẹ́ẹ̀lì dára sí. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ó mu, àti epo tí hòtẹ́ẹ̀lì rà sínú jẹnẹrétọ̀, ibòmíràn ni wọ́n ti wá. Ó dé Ọ̀yọ́ ní òwúrọ̀, ó wo ijó, ó ya fọ́tò, ó padà lọ ní ìrọ̀lẹ́. Nínú ìwé ìṣirò orílẹ̀-èdè, owó rẹ̀ wọlé. Ní Àkẹ̀sán, kò wọlé. Bí a bá wá sọ fún bàbá náà pé ìrìnàjò afẹ́ ń gbé ọrọ̀ ajé wa ró, a kò purọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a ń bá sọ̀rọ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ gba ọ̀nà mìíràn, bóyá láìmọ̀. Ní 1855 ni T. J. Bowen, míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi, dé ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù bẹ̀rẹ̀ ní 1898. Ní 1907 ni Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn tí ó di ilé ìwòsàn ńlá, èyí tí ó wà lábẹ́ Yunifásítì Bowen lónìí. Ní 1990 ni Yunifásítì Ladoke Akintola tún dé. Ta ni ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti wòran? Wọn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n aláìsàn ń lọ pẹ̀lú àwọn tí yóò tọ́jú rẹ̀, òbí ń lọ síbi àṣeyẹ ọmọ, oníwàásù ń lọ sí ìpàdé. Àjọ àgbáyé tí ń ka àwọn arìnrìnàjò gbà pé arìnrìnàjò ni gbogbo wọn, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti sùn níbẹ̀, tí wọn kò sì pé ọdún kan. (Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lo ọdún márùn-ún kò sí nínú ìṣirò náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ń jẹ ẹ̀bà jù.) Irú àlejò yìí kì í sáré. Ó ń sun ilé onílé, ó ń jẹun ní búkà, ó ń gun ọ̀kadà. Owó rẹ̀ ń bọ́ sí ọwọ́ ìyá olóúnjẹ ní tààrà. Ní 2016 àti 2017, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti Yunifásítì náà pa fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí owó tí àwọn ìjọba tí ó ni ín kò san, kò sí ẹni tí ó nílò ìwé ọrọ̀ ajé kí ó tó mọ ẹni tí ebi ń pa ní àdúgbò ibẹ̀.

Mo tún fẹ́ fi kan kún un. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra wọn ti ṣe àlejò pẹ́. Wọ́n ṣòwò dé ìlà oòrùn àti àríwá ilẹ̀ Gold Coast, tí ó di Gánà, títí ìjọba ibẹ̀ fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí ọ̀ràn yìí bá padà wálé mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ìlú lè jẹ owó àlejò kí ó sì tún lé e.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìjọba. Ní 1976 ni ìjọba àpapọ̀ dá ìgbìmọ̀ ìrìnàjò afẹ́ sílẹ̀ nípa òfin. Ní 1992 wọ́n sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ ńlá. Ní 2022 wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n sì tún yí orúkọ rẹ̀ padà. Láàárín ìgbà náà, ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹni tí ó ni àṣẹ láti ṣàkóso hòtẹ́ẹ̀lì àti láti gba owó lọ́wọ́ wọn, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sì dá ìpínlẹ̀ láre ní oṣù keje ọdún 2013. Owó ìwé àṣẹ hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n jà lé lórí. N kò tíì gbọ́ kí ìjọba méjì jà lórí igbá fínfín.

Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ wà nínú igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park láti 1991. Ilẹ̀ tí ó tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó ni, Ìsokùn ní Ọ̀yọ́ sì ni olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Frank Willett ti walẹ̀ níbẹ̀ ní 1956 sí 1957; Robert Soper àti Patrick Darling tọ ipasẹ̀ odi ìlú náà lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Odi tí Clapperton rí ṣì wà, igbó ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba fi ààlà sí igbó yìí, àwọn ará Ìgbẹ̀tì, Ìkòyí-Ilé àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kò lè ṣọdẹ níbẹ̀ mọ́ bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe. Bóyá ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹranko ń tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí a gba oko ọdẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àlejò, ó yẹ kí àlejò náà wá ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀, ó kéré tán. Ìgbìmọ̀ àgbáyé kan sọ ní 1987 pé ìdàgbàsókè tí ó tọ́jọ́ ni èyí tí ó tẹ́ wa lọ́rùn lónìí láìgba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tí a kò tíì bí. Mo rò pé kí a tilẹ̀ kọ́kọ́ bèèrè nípa àwọn tí a ti bí.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Àjọ UNESCO kọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú ìwé àwọn àṣà tí ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Inú wa dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n Òṣogbo ti ṣáájú wa. Igbó Ọ̀ṣun wọ ìwé UNESCO ní 2005, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà ṣe. Àwọn àlejò dé. Àwọn tí ń wa góòlù dé sí òkè odò náà pẹ̀lú, omi Ọ̀ṣun sì pọ́n, tí ó fi jẹ́ pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu ún. Orúkọ inú ìwé kò lè ṣọ́ odò.

Ẹ sì má rò pé àwọn tí ó fẹ́ wá kò pọ̀. Ní Kúbà, ní Brazil àti ní Trinidad, orúkọ Ṣàngó kò parẹ́ láti ìgbà ẹrú. Ní 1963 ni Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde, ní 1964 ó sì ṣe é ní Berlin, tí àwọn tí kò gbọ́ èdè wa fi ìtara pàtẹ́wọ́. Ní 1970 ni ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó gba orúkọ Oseijeman Adefunmi tẹ abúlé kan dó ní South Carolina, tí ó sọ ọ́ ní Ọ̀yọ́túnjí. Ó kọ́ ààfin àti ojúbọ síbẹ̀. Àwọn arìnrìnàjò ń lọ wò ó, wọ́n ń san owó ìwọlé, wọ́n sì ń ra ọjà lọ́wọ́ àwọn ará abúlé náà. Ọ̀yọ́ tí a fi igi àti àlá kọ́ sí inú igbó Amẹ́ríkà mọ bí a ti ń dá àlejò dúró kí ó rajà. Ọ̀yọ́ tí ó ni orúkọ kò tíì mọ̀ ọ́n tó.

Kì í ṣe ohun tí ó le. Kí bọ́ọ̀sì dúró ní Àkẹ̀sán fún wákàtí kan. Kí àlejò sùn ní Ọ̀yọ́ ní alẹ́ kan, kí orúkọ ẹni tí ó fín igbá sì wà lábẹ́ igbá náà. Kí ẹni tí ń mú wọn lọ wo Ọ̀yọ́-Ilé jẹ́ ọmọ Ìgbẹ̀tì tí a ti kọ́ ní ìtàn ibẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ èdè lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó bọ́ sí ọwọ́ wa: ìwé pélébé kan ní èdè Yorùbá, Faransé, Pọtogí àti Sípáníìṣì, tí yóò sọ fún àlejò ohun tí làbà jẹ́ àti ibi tí ó ti lè rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó rán an.

Mo ra igbá méjì lọ́wọ́ bàbá náà, ó fín ẹja sí ọ̀kan, ó fín alángbá sí èkejì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ni ó ń gùn báyìí. Bí mo ti fẹ́ máa lọ, bàbá pè mí padà. Ó ní, “Ìwọ tí o mọ̀wé, bá mi bi wọ́n léèrè. Àwọn àlejò ọdún Ṣàngó tí ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ yìí, báwo ni wọn yóò ti pọ̀ tó? Kí n lè mọ iye igbá tí n óò rẹ sómi.”

Mo ní n óò bèèrè. Mo dé ọ́fíìsì mẹ́ta. Wọ́n fún mi ní ìjókòó, wọ́n sì fún mi ní ìwé tí wọ́n ya àwòrán àwọn oníjó sí. Iye àlejò kò sí nínú rẹ̀.